Kọ́kọ́rọ́ Onídìrí

Àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó ya ni ìyá aránṣọ ń lẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ kan fi jábọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù pupa wà nídìí rẹ̀, irú èyí tí onídìrí àdúgbò wọn fi ń so irun àwọn oníbàárà rẹ̀. Òjòwú kì í lẹ́ran láyà; àyà ìyá aránṣọ gbẹ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ọkọ rẹ̀, atúnagogoṣe tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá abẹ́ ilé, ti sọ ẹnu ọ̀nà onídìrí náà di ibùjókòó lọ́sàn-án gangan. Ó pè é ní àhesọ. Àhesọ wá di èyí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ó wọ bàtà, ó di ìsọ̀ onídìrí. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, tó ká apá aṣọ sókè, tó kọjú sí oòrùn bí aláǹgbá.

“Baálé mi, yàrá wo lẹ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ níbí?”

Ọkọ wolẹ̀. Onídìrí ló dáhùn láti inú ilé, kò dáwọ́ irun dúró: “Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, Màmá. Ẹ lọ wò ó.”

Ó ṣí i wò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ wá rọra ṣàlàyé pé ó pẹ́ tí inú ti ń lọ́ òun. Á gbé òun sáré lónìí, ìgbẹ́ á há lọ́la. Dókítà pè é ní ìfun oníkanra. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, fítámì D kò tó níbẹ̀. Wọ́n fún òun lóògùn, wọ́n ní kí òun máa yọjú sóòrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣèlérí pé ìyẹn yóò tu ìfun lójú. Ẹnu ọ̀nà onídìrí ni oòrùn ti pọ̀, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì sún mọ́ òun.

Ó yẹ kí ọkàn ìyá aránṣọ balẹ̀. Kò balẹ̀.

“Ẹ sọ fún un kí ẹ tó sọ fún mi.”

“Ojú ló ń tì mí.”

“Ojú kò wá tì yín lọ́dọ̀ tirẹ̀?”

“Báwo ni n óò ṣe tọrọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, tí n kò ní sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe?”

Oníbàárà kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ àlè ni, ìbá mọ bí yóò ṣe bá a jà.

Inú ọkọ kùn. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó di àtẹ́lẹwọ́ pọ̀.

“Kí ló ń ṣe yín?”

“O ṣáà ti gbọ́ ọ.”

“Ẹ sọ ọ́ fún mi, bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún un.”

Òógùn bo ọkùnrin náà níwájú orí. “Inú ló ń lọ́ mi, ìyàwó mi. Jọ̀wọ́.”

Ìyá aránṣọ kọ́kọ́ tú ríbọ́ọ̀nù pupa náà kúrò ná, kó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.