Ta Ló Ni Bẹ́ṣíkì Yìí?

...bí mo bá sì sọ ọ́ fún un, kí ni màá wá sọ tẹ̀ lé e? Rárá. Kó kùn ún tán ná.

Muhayyo jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọ̀dà pupa ya òdòdó sára igi tí mo fá láàárọ̀. Ọmọ mi kan ṣoṣo. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń kan bẹ́ṣíkì, ibùsùn onígi tí a fi ń mi ọmọ sùn, fún àwọn ọmọ tuntun ìlú Marg'ilon; èyí nìkan ni mi ò fẹ́ kàn.

"Ada, ta ló ni èyí?" Ọjọ́ Ajé ló bi mí; Ada ló ń pe èmi bàbá rẹ̀. Mo ní ará ìlú Quva kan ni. Irọ́ funfun báláú, tòun ti irùngbọ̀n funfun lágbọ̀n mi.

Tolib ló ni ín. Zebo ọmọ Tolib ló bímọ fún Ilhom — Ilhom, ọkọ tó lé Muhayyo mi jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí kò bímọ, tí ìyá Ilhom dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo, "Ẹ wá kó igi gbígbẹ yín!" Igi gbígbẹ. Èmi, gbẹ́nàgbẹ́nà, ló ń sọ ọ́ fún.

Baba ìyá ọmọ ló ń gbé bẹ́ṣíkì àkọ́bí wá, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Tolib ò lọ bá ẹlòmíì? Kí ló dé tí mo gbà? ...Ẹnu ayé. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní mò ń ṣèlara.

Ẹnu ayé yìí náà ni mo bẹ̀rù nígbà tí Muhayyo sá wálé lẹ́ẹ̀mejì, tójú rẹ̀ wú. "Padà, ọmọ mi, ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni." Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ padà. Èmi tí mo ń wọn igi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gé e, mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló mú ojú ẹ wú.

Ó yẹ kí n mi bẹ́ṣíkì náà wò, bóyá ó ń mì déédéé. Mo nawọ́ sí i — Muhayyo gbá ọwọ́ mi kúrò! Ó lọ gbé àpò ìrẹsì wá láti ilé ìdáná, ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Lóòótọ́, a kì í mi bẹ́ṣíkì òfìfo, àìsàn ni fún ọmọ tó ni ín. Ọmọ Zebo... Ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ni ín. Ará Quva ni mo ní.

Kí ló sọ yẹn?

"Ada, ọ̀dà yìí ò ní gbẹ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ sọ fún baba Zebo kí wọ́n má tíì wá."

Ó mọ̀. Ọjọ́ Ajé ló ti mọ̀. Mo purọ́, ó sì gba irọ́ náà lọ́wọ́ mi, kójú má baà tì mí... Mo rò pé èmi ni mò ń dáàbò bò ó.

Lójú ọ̀nà ilé Ilhom lọ́jọ́ tí mo fà á lọ́wọ́, kò sunkún. Mo ń sọ ọ́ kiri pé ọmọ mi lọ́kàn akin.

Torí mi ni kò fi sunkún.