Igi Tí Hilmo Gé Kúrú

Ní òpópónà wa, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń béèrè àlàáfíà ara mọ́. "Ṣé ẹ ti ní igi?" ni gbogbo wa fi ń kí ara wa. Ẹni tó ti ní á gbé àyà sókè dáhùn, ẹni tí kò tíì ní á wá irọ́ kan pa. Lọ́dún yìí, èmi ò kí ẹnikẹ́ni. Ó ti rẹ̀ mí kí ọkọ̀ tó já igi tiwa sílẹ̀ níwájú ilé.

Ẹ̀yìn mi ti di ẹ̀yìn àgbàlagbà. Sanela, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wà ní Linz ní ilẹ̀ Austria, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn. Hilmo ọkọ mi, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé gbogbo igi ilé yìí tẹ́lẹ̀, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìdúró mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò pa dé dáadáa mọ́, pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Sarajevo kí òtútù tó mú. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa: ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá sì dárúkọ ọjọ́ Ajé yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni Hilmo ń sọ: "Jẹ́ kí igi kọ́kọ́ wọlé ná."

Mo ní ó dáa. Igi á wọlé. Bó bá jẹ́ eyín ni màá fi wọ́ ọ wọlé, á wọlé, kí ọkùnrin yìí má bàa rí àwáwí kankan dì mú.

Kì í kúkú ṣe pé a ò ní igi. Igi tí a máa fi dáná lọ́dún yìí ti wà nínú àká láti èṣí, ó ti gbẹ kanrinkanrin. Èyí tí ọkọ̀ já sílẹ̀ yìí, igi àmọ́dún ni. Igi líle tí à ń pè ní bukva ni, tútù yọ̀yọ̀, omi ṣì ń sun lójú ibi tí wọ́n ti gé e. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ń dáná igi tútù, èéfín ló ń jẹ, torí náà ilé tó bá mọ iyì ara rẹ̀ á fi ọdún kan ṣíwájú òtútù. Ohun tó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ nìyẹn nígbà tí Hilmo ní kí wọ́n gbé igi wá. Mo rò ó pé ẹni tó ń ra igi àmọ́dún, ó ń retí àmọ́dún.

Lọ́jọ́bọ̀, Zijad gbé katakata rẹ̀ dé, ayùn roboto ńlá tó fi ń gé igi wà nídìí rẹ̀. Zijad kò tíì pé ogójì ọdún, ó sanra, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Gbogbo igi òpópónà wa ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, gbogbo àṣírí òpópónà náà sì ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

"Ìyá Behija," ó ní, "kọfí dà? Katakata ti mu tirẹ̀, ó ku èmi."

"Ṣiṣẹ́ ná. Bí ìwọ bá jókòó ti kọfí, ìrun àsárì ló máa bá ọ níbẹ̀."

"Bàbá Hilmo, ṣé ẹ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń fojú mi rí? Ẹ gbà mí o."

"Èmi tí mo ń bá a gbé, ta ló gbà mí?" Hilmo dáhùn.

A rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ ayùn fún Hilmo, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ìka nìkan ni kó fi ṣiṣẹ́, kó nà án síbi tó bá fẹ́, kó má gbé nǹkan kan. Zijad gbé igi àkọ́kọ́ lé orí irin, ó wojú rẹ̀.

"Báwo ni ká ṣe é, Bàbá? Ṣé bíi ti tẹ́lẹ̀?"

Hilmo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi wọn ìwọ̀n tó fẹ́ fún un. Ẹnu ọ̀nà àká ni mo wà pẹ̀lú báró mi, mi ò wo ọwọ́ rẹ̀. Zijad wò ó. Ó tún wojú Hilmo, lẹ́yìn náà ó tan ayùn láìṣe àwàdà kankan.

Kò sí iṣẹ́ tó ń jẹni lára bí iṣẹ́ igi. Igi kan náà lo máa gbé nígbà tí ọkọ̀ bá já a, o máa gbé e nígbà tí wọ́n bá gé e, o máa gbé e nígbà tí wọ́n bá là á, o tún máa gbé e lọ síbi ààrò, eérú rẹ̀ lo sì máa gbé kẹ́yìn. Mò ń kó o sínú báró, mò ń tì í lọ sí àká, mò ń tò ó. Èèpo máa ń wà lókè, àlàfo díẹ̀ máa ń wà láàárín kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà gbà. Ní ìpẹ̀kun ìlà, o gbọ́dọ̀ fi wọ́n dábùú ara wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á ya lù ọ́. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, pẹ̀lú èébú. Ẹ̀rún igi wọ ojú mi, ó wọ ọrùn mi, ó wọ inú ibọ̀sẹ̀ mi. Lọ́kàn mi, mi ò rí nǹkan kan ju ọjọ́ Ajé lọ.

Ẹ̀gbẹ́ igi èṣí ni mò ń to tuntun sí, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọn ò bára dọ́gba. Tuntun fi nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan kúrú. Mo jáde lọ bá a.

"Hilmo, kí ló ṣe ojú rẹ? Igi yìí kúrú."

"Igi kúkurú ló ń tètè gbẹ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá oòrùn. Lọ máa to igi rẹ, obìnrin yìí."

Òótọ́ ni pé igi kúkurú ń tètè gbẹ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá bá a fà á títí tí yóò fi sọ òdodo ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ máa ń sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Nígbà tó di ọ̀sán, Ruža tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà gbé pita gbígbóná, ìyẹn ìyẹ̀fun yíyan tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, wá fún wa. Opó ni Ruža, ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lọ́dọọdún ló máa ń fi igi tí mo bá tò ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ó ti fẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àká pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ó ń wo igi.

"Behija," ó ní, "kí ló dé tí igi yín fi dà bíi tèmi?"

"Bíi tìrẹ báwo?"

"Ìwọ̀n tèmi ni. Zijad náà ló ń gé tèmi, mo mọ̀ ọ́n." Ó gbé àwo sílẹ̀, kò wojú mi. "Ẹni tó kàn ló mọ̀. Jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Ohun tí Ruža ń sọ nìyí. Ilé ìdáná ni ààrò irin ńlá máa ń wà nínú ilé wa, òun ló ń yan búrẹ́dì, òun ló ń mú gbogbo ilé gbóná, ìwọ̀n tirẹ̀ sì ni a ń gé igi sí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá kú, tí àwọn ọmọ sì wà ní Austria, ìyàwó á máa ti yàrá pa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi kó sínú yàrá kékeré kan pẹ̀lú ààrò kékeré tí kì í jẹ igi púpọ̀. Ààrò yẹn kì í gba igi gígùn. Igi opó là ń pe igi kúkurú, àmọ́ a kì í pè é bẹ́ẹ̀ létí opó.

Mo mú ẹyọ igi kan, mo wọlé. Yàrá tí ìyá Hilmo kú sí wà lẹ́yìn ilé, àlùbọ́sà àti ìgò ata la máa ń kó síbẹ̀. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Hilmo ti ní kí n má wọ ibẹ̀, pé òun ń tún pákó ilẹ̀ ṣe. Mo ṣí i. Kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀ mọ́. Ó ti fi àwọ̀ dúdú kun ààrò kékeré tó wà níbẹ̀ láti ìgbà ìyá rẹ̀, ó ti fi páìpù tuntun sí i, ó sì ti gbé ibùsùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ooru á ti máa dé. Mo ṣí ẹnu ààrò, mo ti igi náà bọ̀ ọ́. Ó wọlé géẹ́.

Kí n má purọ́, ìbínú ló kọ́kọ́ dé kí ẹkún tó dé. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ń sunkún, mo sì ń rí i pé ìrọ̀rí kan ṣoṣo ló wà lórí ibùsùn yẹn. Ọkùnrin yìí kò ní in lọ́kàn láti lọ sí Sarajevo rárá. Ó ti sin ara rẹ̀, ó ti sọ mí di opó, ó tún wá ní kí n máa to igi rẹ̀.

Mo jáde síta. "Zijad, pa á."

Zijad pa ayùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò béèrè ìdí. Mo rìn lọ síbi òkìtì igi tó wà níwájú ilé, mo jókòó lé e.

Ìkùukùu ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Vlašić. Bí igi ẹni bá wà níta tí òjò sì ń bọ̀, ìtìjú ńlá ni lọ́dọ̀ wa, wọn á ní ilé náà kò ní ènìyàn mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn aládùúgbò fi máa ń jáde láìjẹ́ pé a pè wọ́n. Wọ́n ti ń bọ̀ nígbà yẹn, wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi yìí," mo wí fún wọn. Wọ́n dúró.

Hilmo dìde lórí àpótí rẹ̀. "Behija, òjò ń bọ̀."

"Kó máa bọ̀."

"Àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Sọ ìdí tí igi rẹ fi kúrú fún wọn. Ruža ló dúró yẹn, á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe opó."

Ojú rẹ̀ yí padà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wẹ́liwẹ́li, ó tutù. Hilmo kò lè wo igi kó máa rẹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó díẹ̀ sí àyà, ó forí lé àká. Kò dé ìdajì ọ̀nà tó fi dúró, tó fara ti ògiri, tí èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Zijad fẹ́ sáré bá a, mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kò dára ní wíwò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rí i.

Ó padà wá, ó jókòó tì mí lórí igi. Igi tó kó ṣì wà láyà rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ṣó o rántí Nezir aládùúgbò wa," ó ní. "Irú iṣẹ́ abẹ yìí náà ni. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde." Ó fi ọwọ́ nu òjò lójú. "Ẹ̀rù ń bà mí, Behija. Mo ní bí mo bá kú sílé, ó kéré tán màá ti ṣètò ibi tí wàá ti máa yáná."

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, àní nígbà ogun, mi ò gbọ́ kí ọkùnrin yìí sọ pé ẹ̀rù ń ba òun rí. Ìbínú mi tú dànù. Ó rẹ̀ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," mo ní. "Àmọ́ mi ò ní sùn nínú yàrá yẹn, kó o mọ̀. Bó o bá kú, màá jẹ́ kí igi yìí jẹrà, màá sì lọ bá Sanela ní Linz."

"Irọ́ lò ń pa. O kórìíra Linz."

"Mo kórìíra rẹ̀. Ìwọ lo sì máa rán mi lọ síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Mo gba igi tó wà láyà rẹ̀, mo jù ú sílẹ̀. Mo fẹ́ kó wà láàyè, ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí gan-an, lójú gbogbo òpópónà. Ó ń wo igi bí òjò ṣe ń pa á dúdú díẹ̀díẹ̀.

Zijad rọra sún mọ́ wa, ó ti ṣí fìlà. Igi tó kù kò kéré, gígùn gbọọrọ bí ọkọ̀ ṣe já wọn sílẹ̀.

"Bàbá, báwo ni kí n ṣe ìyókù? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni, àbí...?"

Gbogbo wọn ń dúró de ohun tó máa sọ, èmi náà ń dúró.

"Má gé e," Hilmo wí.

"Bàbá?"

"Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tí mo bá ti Sarajevo dé, màá fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn ọ́ fúnra mi."

"Yìnyín á ti bò ó nígbà yẹn o."

"A ó gbá yìnyín kúrò."

Ruža ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mú igi, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e, wọ́n kó èyí tí a ti gé wọ inú àká. Èmi ò dìde. Ẹ̀yìn mi kọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, a kírun àsùbáà, a sì gbé àpò rẹ̀ jáde. Igi tí a kò gé nà gbalaja síwájú ilé wa, ó rẹ, ó dọ̀tí, kò sẹ́ni tó máa lọ sí ibùdókọ̀ tí kò ní rí i. Mo di Hilmo mú lápá, a rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ojú ò tì mí.