Òpó Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá

Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, nígbà tí rélùwéè ṣì ń já àwọn oníṣòwò obì sílẹ̀ ní Ẹdẹ. Ilé àlejò ni. Gbogbo yàrá òkè jókòó sórí òpó méjì tó wà ní ìloro, bíríkì sì tẹ̀ bí ọrun láàárín wọn. Ibẹ̀ ni bàbá Àwáwù máa ń dúró sí. Bí òjò bá ń lé ẹnìkan bọ̀, kì í bi í lórúkọ kó tó ní kó wọlé.

Nígbà tí bàbá kú, ìloro yẹn náà ni wọ́n sin ín sí. Ibo ni wọn ì bá tún sin onílé sí? Kò sẹ́ni tó rò ó pé ìdí òpó làwọn ń gbẹ́.

Òjò ọdún yìí ló tú àṣírí. Òpó ọ̀tún rì, ògiri sán débi pé ọwọ́ Àwáwù ń wọ inú rẹ̀. Òun nìkan ló kù tó ń gbé ilé náà. Ó ránṣẹ́ pe Ràṣídì bíríkìlà ní Sẹ̀kọ̀nà.

Ràṣídì kúnlẹ̀, ó fọwọ́ gbá ìdí òpó. "Ìyá Zulfah, mi ò ní purọ́ fún yín. Abẹ́ ẹ̀ ti ṣófo. Àfi ká gbẹ́ ẹ, ká da kọnkéré sí i."

"Ká gbẹ́ ibo?"

"Ibi tí Bàbá wà."

"Bá ò bá gbẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká wó o nígbà náà, kó tó wó pa yín."

Nasrullah, ẹ̀gbọ́n Àwáwù tó wá wo ilé náà, rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Àwáwù, o ò kúkú bí bíríkì lọ́mọ. Gbé bàbá kúrò, tàbí kó o gbé ara ẹ kúrò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé wọn. Ṣọ́bìrì rèé."

Nasrullah wo ṣọ́bìrì bí ẹni wo ejò. Kò fọwọ́ kàn án.

Àwáwù wo ògiri, ó wo ilẹ̀. Ọmọ wo ló máa hú bàbá ẹ̀ nítorí ilé?

"Ẹ wó o," ló wí.

Wọ́n wó o. Àwọn aládùúgbò ní Ọlọ́run á fi èyí tó dáa rọ́pò. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í bo orí ilé.

Kò pẹ́ tí òjò fi ṣú. Àwáwù sáré wá láti ilé Zulfah ọmọ ẹ̀, ó fa páánù kan yọ nínú àwókù, ó fi bo sàréè, ó sì jókòó lé e. Afẹ́fẹ́ fà á gbà lábẹ́ ẹ̀. Ó lé e, kò bá a.

Nígbà tó fi padà, omi ti dúró lórí bàbá.