Ìyá Pe Bàbá Lórúkọ

"Àjíṣafẹ́!"

Kẹ́síà, ìyá arúgbó inú ìjọ Aládùúrà kan ní Inísà, ló ké bẹ́ẹ̀ láàárín ìsìn òwúrọ̀, lásìkò òjò ọdún 1963. Wọ́n na ọwọ́ sókè, ojú wọn ń wo ohun tí ẹlòmíràn kò rí. "Àjíṣafẹ́, dúró dè mí!" Gbogbo ìjọ figbe halelúyà ta. Àjíṣafẹ́ ni ọkọ wọn tó ti di olóògbé. Ta ni yóò jiyàn pé ọ̀run kò ṣí sílẹ̀ fún ìyá?

Ẹ̀rù Ọlọ́run ba Dúródọlá, ọmọ wọn obìnrin, ó kúnlẹ̀. Ibà ti ń jà ládùúgbò wọn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó mú òun, orí fọ́ ọ, eegun ro ó, ara rẹ̀ gbóná débi pé igbe ló ń ké. Ìyá ńkọ́? Ara wọn tutù minimini. Wọ́n kàn ní ó rẹ àwọn díẹ̀ ni, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Àwọn ará ìjọ ní ààwẹ̀ ẹ̀mí ni.

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o!" ni Wòlíì Ọlánípẹ̀kun wí, omijé lójú wọn. "Ẹ̀mí ń bẹ lára wọn."

"Àjíṣafẹ́!"

Ìgbà yìí ni àyà Dúródọlá já. Ìyá òun kẹ̀? Obìnrin tó lo ogójì ọdún nílé ọkọ láìdárúkọ ọkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! "Bàbá Dúródọlá" ni wọ́n ń wí títí dé etí sàréè. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pàdé bàbá lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, wọn á kúnlẹ̀ kí i ni. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ó dìde, ó di ìyá mú. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì wọn. Ó ká apá sùtánà wọn sókè, àmì pupa wẹ́wẹ́ ló kún awọ wọn.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá Wòlíì. Èyí kì í ṣe ìran. Ìyá mi ò jẹ́ pe ọkọ wọn lórúkọ láé."

Wòlíì wo ẹ̀jẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé agogo ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Gbá orí wọn mú. Èmi á gbé ẹsẹ̀."

Ọkọ̀ akérò tó ń bọ̀ láti Òkukù ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun.

"Ó jọ ibà tí ẹ ní ó mú ẹ̀yin náà," ni nọ́ọ̀sì wí, bó ti ń so ìgò omi mọ́ apá ìyá. "Dẹ́ńgì ni dókítà pè é, ẹ̀fọn ló ń kó o ranni. Lára ọ̀dọ́, ariwo ló máa ń pa. Lára àgbà, ara lè má gbóná rárá. Á kàn rẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn á dàrú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa yọ."

Ẹnu ya Dúródọlá. Àìsàn kan náà tó ké lára òun bí ológun, ó yọ́ wọ ara ìyá rẹ̀, ó sì jókòó jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ Ọlọ́run mà tóbi o, ara ènìyàn!

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ kí ìyá tó lajú.

"Mo lálàá," ni wọ́n wí.

"Ta lẹ rí, Ìyá?"

"Bàbá rẹ."

Dúródọlá fẹ́ kó dá òun lójú. "Kí lorúkọ wọn?"

Ìyá na ọwọ́ tí kò lágbára, wọ́n rọra gbá a lẹ́nu. Ìgbà náà ni Dúródọlá tó bú sẹ́kún.