Irinwó Ìgbésẹ̀

Eruku pupa ń dìde lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ. Ó ń dìde, ó ń balẹ̀, o sì ti kọjá kó tó balẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ Ṣakí wà ní èjìká rẹ ọ̀tún. Bí o bá yí igun tó kọjú sí igi kaṣú, á bọ́ sí tòsì. Sìdíkátù, ìwọ ń sáré, èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo mú lẹ́tà mẹ́ta lọ́wọ́, ojú sì ń tì mí.

Ojú ń tì mí débi pé n kò lè pè ọ́ kí o dúró. Ìyípo mẹ́ta ló kù fún ọ lónìí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí o má tètè sá a tán. Kóòṣì wo ló ń gbàdúrà kí ọmọ rẹ̀ falẹ̀? Èmi náà ni.

Bàbá rẹ ń bẹ lẹ́nu géètì, ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀. Ràájì mẹkáníìkì tí kì í fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa lónìí, ó ti fi ọṣẹ bó ìka rẹ̀ títí dúdú ọ́ìlì fi ṣí, torí mo ní kó wá gbọ́ yunifásítì tí ọmọ rẹ̀ máa lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tẹ́ ẹ bá ti mú, òun náà la mú."

Lẹ́tà àkọ́kọ́ wá láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́. Owó ilé ìwé, oúnjẹ, ibùsùn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa gbé. Ohun kan péré ni wọ́n ń fẹ́: kí o sá ẹgbẹ̀rin mítà ní àkókò tí mo kọ ránṣẹ́ sí wọn, kí o sá a kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọwọ́. Ìkejì wá láti etí òkun, níbi tí ooru ti ń mú bíi tiwa. Ìdajì ni wọ́n máa san, àkókò yẹn kan náà ló sì wọ̀ wọ́n lójú. Ìkẹta wá láti ilé ìwé kékeré kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn ìyẹn kò ṣèlérí nǹkan kan. Wọ́n kàn béèrè irú pápá tí o ti ń sáré, àti ẹni tó wọ̀n ọ́n.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ta ló wọ̀n ọ́n? Èmi kẹ̀! Mo tì í sí ìsàlẹ̀ àwọn yòókù.

Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo sáà, tí koríko ìsinmi bá ti bo ìlà mọ́lẹ̀, màá ká ṣòkòtò sókè, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìgbésẹ̀ kan, mítà kan. Ìgbésẹ̀ kan, mítà kan. Ìwọ ni ò ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú agolo, ò ń da ọ́ìlì dúdú tí bàbá rẹ bù fún wa sí ibi tí mo bá tẹ̀. Bí mo bá ka irinwó, a ti yí pápá po. Bí gbogbo àwa olùkọ́ eré ìdárayá ìgbà wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ta ló rí téèpù rà? Lọ́dún tí mo dé ibí, mo fi rúlà wọn ìgbésẹ̀ mi nílẹ̀ kíláàsì, ó sì jẹ́ mítà kan géérégé. Mo fi yangàn títí.

Ṣùgbọ́n ọdún kejìdínlógún nìyí. Orúnkún mi ọ̀tún ti ń dùn mí tipẹ́. Ìrìn ń kúrú, irinwó kò kúrú lẹ́nu mi. Igi kaṣú tí ìlà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Mo rí i o. Mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé igi náà ló ń sá fún eré wa. Bí pápá ṣe ń kéré sí i ni àwọn ọmọ mi ń yára sí i lọ́dọọdún, mo sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé èmi ni mo mọ eré kọ́. Ẹsẹ̀ mi ló ń darúgbó, mo pè é ní ọgbọ́n.

Láàárọ̀ yìí, awọnlẹ̀ kan dé, ó wá wọn ilẹ̀ ilé ìwé torí ògiri tí wọ́n fẹ́ mọ yí i ká. Fáàrí ni mo fi pè é. Mo ní kó bá mi fa téèpù rẹ̀ gba orí ìlà mi, kó lè mọ̀ pé àgbà ṣì wà nílùú. Ó fà á. Ó tún un fà. Ó wo ojú mi, ó wo orúnkún mi, ó wá rọra sọ ọ́ bí ẹni ń túfọ̀. Ó ní, "Irinwó ku ogún ni, bàbá."

Irinwó ku ogún. Ìyípo kan, ogún mítà. Ìyípo méjì tí à ń pè ní ẹgbẹ̀rin, ogójì. Ogójì mítà ń bẹ tí n kò kọ́ ẹsẹ̀ rẹ rí.

O tún ti kọjá. O juwọ́ sí mi, mo juwọ́ padà. Ìyípo kan ló kù.

Lẹ́tà kọ́ ló ń dùn mí jù, Sìdíkátù. Ìbàdàn ni. Ní ìdíje ìpínlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lórí pápá tó pé, ìwọ lo wà níwájú títí ó fi ku ogójì mítà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ ti kọ̀, ibẹ̀ gan-an, níbi tí eré ti máa ń parí nílé. Ọmọ mẹ́ta kọjá lára rẹ. O sunkún wá bá mi, mo sì pè ọ́ ní ọ̀lẹ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ. Ọ̀lẹ! Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní oúnjẹ lo jẹ jù. Láti ọjọ́ náà, o kì í jẹun ọ̀sán mọ́, mo sì yìn ọ́ fún un. Àkókò tí o sá ní Ìbàdàn nìkan ni òótọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, n kò sì kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Mo lè dákẹ́. Mo lè fa lẹ́tà yìnyín yọ, kí inú bàbá rẹ dùn, kí o wọ bàálù. Bó bá dọ̀hún tí àkókò kò bọ́ sí i, màá ní òtútù ni. Mo ti ro irọ́ náà tán kí o tó yí igun tó kẹ́yìn. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

O dé. Ò ń mí, ò ń rẹ́rìn-ín, o nawọ́ sí lẹ́tà. Ìkẹta ni mo fún ọ. Mo sọ ọ́: téèpù, ogún mítà, ogójì mítà, orúnkún mi. Mo ní a máa kọ̀wé sí àwọn méjì àkọ́kọ́ láti jẹ́wọ́, bí wọ́n bá kọ̀ wá, wọ́n jàre. Mo sọ ti Ìbàdàn pẹ̀lú. Mò ń retí ẹkún.

O kò sunkún. O kò tilẹ̀ wo lẹ́tà. Ò ń wo ilẹ̀, ètè rẹ ń ṣírò, lẹ́yìn náà o gbójú sókè.

"Kóòṣì, ìyẹn ni pé mi ò ya ọ̀lẹ lọ́jọ́ yẹn?"

Rárá, ọmọ mi. Rárá.

O kúnlẹ̀ sínú eruku lórí orúnkún méjèèjì, o ní ẹ ṣé, sà. N kò lè gbé ọ dìde, n kò sì lè wò ọ́. Bàbá rẹ ti ń bọ̀ láti ẹnu géètì, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó rò pé mo ti mú ọ̀kan. O ṣì wà nílẹ̀ níwájú mi. Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé.