Ẹni Tó Mọ Olúdáre

"Baba, ta lẹ ń ṣe òfófó fún?"

Olúdáre yíjú padà. Ọkùnrin mẹ́ta ló dúró sẹ́yìn rẹ̀ lórí àpáta, ìbọn ṣakabùlà wà léjìká ẹni tó ṣáájú. Láti ìgbà tó ti gun òkè yìí ló ti rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Rédíò rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí aṣọ, bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀pá ìpẹja gbọọrọ kan sì gbé waya dúró sókè. Nínú rédíò náà, ọkùnrin kan nílùú òyìnbó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"N kì í ṣe olófòófó," ni Olúdáre wí. "Eré ni mo ń ṣe."

"Eré! Àgbàlagbà bíi tiyín?"

"Ọ̀gá Sùlè," ọ̀kan nínú wọn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó gbé ìbọn, "make we carry am go give soldier. Na so dem dey show kidnapper road."

Ẹ̀rù ba Olúdáre, àmọ́ kò lè dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ti jí àwọn àgbẹ̀ gbé rí nísàlẹ̀ òkè yẹn. Ta ni yóò rí àjèjì tó ń dá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ lórí àpáta, tí kò ní fura?

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò ju báyìí lọ: tẹlifíṣọ̀n àti fáànù ló ń tún ṣe ní Sapele Road. Láti ìgbà tí Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sì ti bá tirẹ̀ lọ sí Kánádà, rédíò yìí ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìlú Bìní tẹ́ bí ẹní, ohùn kì í lọ jìnnà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tí òkè wà. Àwọn tó ń ṣe irú eré yìí pọ̀ káàkiri ayé. Bí ẹnìkan bá wà lórí òkè, tí ènìyàn mẹ́rin sì dá a lóhùn, wọ́n á kọ òkè náà sí orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì-ẹ̀yẹ. Mẹ́ta ti dá a lóhùn lọ́jọ́ náà.

Ó yọ ìwé àṣẹ rédíò tí ìjọba fún un nínú àpò. Sùlè yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìwé ò mọ ìwà ẹni, Baba. Ajínigbé náà ń gbé ìwé kiri. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí, ṣé ó mọ̀ yín?"

"Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti jọ ń sọ̀rọ̀."

"Ó mọ ojú yín?"

"Rárá."

"Ó mọ orúkọ ọmọ yín?"

Olúdáre tún aṣọ abẹ́ rédíò náà tẹ́.

"Háà! Ọ̀rẹ́ rèé o!" Sùlè rẹ́rìn-ín, ó tún gbojú le. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ pe ẹnìkan, ẹyọ ẹnìkan péré, tó lè sọ irú ènìyàn tẹ́ ẹ jẹ́. Tí kò bá sí, ọ̀dọ̀ ṣọ́jà là ń lọ."

Ohun kékeré lèyí lójú ẹni tó lẹ́ni. Olúdáre pe Moyọ̀sọ́rẹ. Fóònù dún títí, kò gbé e. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, oorun ni yóò máa sùn. Ó pe pásítọ̀ ìjọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní òun ò mọ pásítọ̀ kankan. Ló bá ń fi àtàǹpàkò wá orúkọ lọ, wá orúkọ bọ̀. Oníbàárà ló pọ̀ níbẹ̀, nǹkan tí kálukú gbé wá tún ṣe ló sì fi sọ wọ́n lórúkọ: Fáànù Ugbowo, Tẹlifíṣọ̀n Ńlá, Áyọ́ọ̀nù Ìyá Oníbùrẹ́dì. Ta ni yóò pè níbẹ̀? Kí ni Fáànù Ugbowo fẹ́ sọ nípa rẹ̀?

Ó ṣí ibi tí fóònù to àwọn tó pè é sí.

"Ẹni yìí ńkọ́?" Sùlè ti na ọrùn sórí fóònù náà. "Ó pè yín léraléra láàárọ̀ yìí."

"Aládùúgbò mi ni, Màmá Èyítáyọ̀. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀."

"Ẹ kì í sọ̀rọ̀, ó wá ń pè yín?"

Waya rédíò tí Olúdáre so mọ́ òrùlé ilé tí wọ́n jọ ń gbé ló dá ìjà sílẹ̀. Obìnrin náà ní yóò fa àrá wọlé. Láti ọdún Àjíǹde ni Olúdáre kò ti kí i mọ́. Bí obìnrin náà bá ń pè, Olúdáre kì í gbé e. Sùlè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba.

"Bàbá Moyọ̀! Ṣé ẹ ti kú ni? Mo kan ilẹ̀kùn títí, mo ní bóyá ẹ ti ṣubú sínú ilé!"

"Màmá, kì í ṣe òun. Ọlọ́dẹ ni wá, lọ́nà Ìgárá. A bá a lórí òkè pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ waya, ó ń hu. Olúdáre wo ilẹ̀. Tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ta ni yóò bá a wí?

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Ọkùnrin gíga, tó máa ń ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀? Tó jẹ́ pé bó bá dáná, ó di kí ìkòkò jó? Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, etí mi ló ń gbọ́ ọ. Òun lẹ rò pé ajínigbé ni? Ẹni tí kò fẹ́ rí ènìyàn sójú, ṣé ènìyàn ni yóò wá jí gbé? Kó kó wọn síbo? Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, òjò ń ṣú níbí."

Àwọn ọlọ́dẹ bú sẹ́rìn-ín. Olúdáre kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tún okùn bàtà so.

"Baba, ẹ lẹ́nìyàn, ẹ ò kàn mọ̀ ni," Sùlè wí, ó dá fóònù padà. "Ẹ parí eré yín. A ó dúró tì yín."

Ẹnìkan ti ń pè é nínú rédíò lákòókò náà, ohùn tí kò gbọ́ rí. Ẹni kẹrin nìyẹn. Olúdáre na ọwọ́ sí máìkì. Ó fà á padà, ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká waya.

"Ẹ ò dá a lóhùn?"

"Ọ̀nà Bìní jìn," ló fi dáhùn.

Nígbà tó padà dé àdúgbò rẹ̀ ní Uwasota, ní Bìní, Màmá Èyítáyọ̀ jókòó níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé wọn ò lù yín?"

"Wọn ò lù mí. Ẹ ṣeun, mà."

"Kí lẹ tiẹ̀ ń bá wọn sọ níbẹ̀ yẹn?"

Olúdáre rò ó. "A máa ń sọ orúkọ wa. Àá sọ bá a ṣe ń gbọ́ ara wa sí."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Àá dágbére."

Obìnrin náà pòṣé. Olúdáre sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sọ́wọ́. Èyí tó kọ́kọ́ bó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Èyítáyọ̀ ńkọ́?" ló bèèrè. "Ikọ́ yẹn ò tíì lọ."

Ọwọ́ Màmá dúró. "Ta ló sọ fún yín pé ọmọ-ọmọ mi ń wúkọ́?"

"Mo ń gbọ́ ọ lára ògiri."

Obìnrin náà ti igbá ẹ̀gúsí náà sí àárín wọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ikọ́ náà ti mú ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Olúdáre kò sì wá ibi tí yóò ti dágbére.