Nígbà Tí Làmídì Kún Ilé

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin ará. Mo rí i pé ayálégbé ni mí nínú kòkòrò kan, irú àwọn tí ojú kì í rí, tó ń sọ omi ògì di kíkan. Kò yà mí lẹ́nu. Yàrá tí èmi àti Mopélọ́lá ìyàwó mi kọ́kọ́ gbà kò fẹ̀ jù ú lọ; bí òjò bá ń rọ̀, ìdúró la fi ń sùn níbẹ̀.

Òfin ilé náà dára: bí ilé bá dàgbà tán, yóò pín sí méjì, ayálégbé kọ̀ọ̀kan yóò sì gba yàrá tuntun. Wọ́n ti fi tèmi hàn mí. Ó ní fèrèsé.

Ọmọ bíbí ilé náà kan wà tó ń jẹ́ Làmídì. Òun ló ń gé ṣúgà tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Yóò gé ìwọ̀n tí ìdáná ń fẹ́, yóò fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn birikilà tó ń fi í mọ ògiri.

Alága ilé, tí ọ́fíìsì rẹ̀ léfòó sórí omi bí igbá, pe ìpàdé. Ó ní bí Làmídì kan bá dára tó báyìí, ẹgbẹ̀rún yóò dára jù. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Tèmi ló dún jù, nítorí fèrèsé yẹn.

Ẹ̀rọ kan ló ń mọ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹní mọ búlọ́ọ̀kù. Ewé eéran ni wọ́n máa ń kọ́ sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yà sára ewé ni ẹ̀rọ yóò mọ. Alága kó ewé Làmídì kọ́ síbẹ̀ títí ewé ẹlòmíràn kò fi ríbi dúró.

Kò pẹ́, Làmídì kún ilé. Làmídì mẹ́ta ń sùn lórí ibùsùn mi. Wọ́n gé ṣúgà ìdáná tán, wọ́n gé ti ògiri mọ́ ọn. Ilé kò dàgbà mọ́, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Mo lọ bá ẹ̀rọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ bá wa mọ birikilà kan."

"Ọwọ́ wo ni kí n fi mọ ọ́n?" ni ẹ̀rọ wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń bí Làmídì. Ṣé o rí ewé birikilà níbí ni?"

Làmídì àkọ́kọ́ jókòó sí kọ̀rọ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ wà lórí itan. Mo sọ fún un pé àwọn ẹbí rẹ̀ ti fẹ́ ba ilé jẹ́.

"Bọ̀dá, ta ló sọ fún yín pé mo ń wá àbúrò?" ó ní. "Nígbà tí mo dá wà, ẹ̀ ń kí mi kú iṣẹ́. Ẹ wá wo bí ẹ ṣe ń wò mí báyìí, bí olè."

Àwa méjèèjì lọ bá Alága. Ó ti di òbúkọ, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ ṣì gún régé, nítorí náà a dọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé, ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Àṣẹ tí mo bá ti pa," ó ní, "kò sẹ́ni tó lè yí i padà."

Síbẹ̀ ó tẹ̀lé wa wá wo ẹ̀rọ. Bó ṣe rí ewé tútù báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ ewé Làmídì títí ó fi ku ẹyọ kan, ó wá gbàgbé ohun tó bá wá.

Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀. Àwọn ewé yòókù padà sí àyè wọn, birikilà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn Làmídì tó pọ̀ lápọ̀jù yọ́ bí iyọ̀ inú omi. Làmídì àkọ́kọ́ mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé nà, ìbàdí rẹ̀ sún kì, ó ń pín. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú yàrá mi. Mo na ọwọ́ sí fèrèsé.

"Bàbá Akin, ẹ dìde," ni Mopélọ́lá wí. "Òbúkọ ìyá onílé ti jẹ ewé tí mo fẹ́ fi pọ́n ẹ̀kọ. Ẹyọ kan ló fi sílẹ̀."

Ògiri ni mo na ọwọ́ sí. Mo béèrè pé ògì náà ńkọ́.

"Ó kan dáadáa. Ìkòkò kan ò gbà á, mo ti pín in sí méjì."

Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì ló ní fèrèsé.

Ó wò mí títí. "Ẹ lọ bọ́jú," ó ní.